Káàdì méjì, nọ́ńbà kan: èwo ni kí VM gbé?

Ìbéèrè tó wọlé nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ (VM ni kọ̀ǹpútà àfọwọ́ṣe tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà gidi, Proxmox ni ètò tó ń gbé VM, OPNsense sì ni ètò tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì tó sì ń ṣọ́ ọ): "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní káfẹ́ àti ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ayétòrò, níbí ní Òṣogbo. Mo fi Proxmox sórí kọ̀ǹpútà àlòkù kan kí OPNsense inú VM lè máa pín íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn oníbàárà. Mo ra káàdì nẹ́tíwọ̀kì kan kún èyí tó wà lára mọ́dábọọ̀dù, mo sì fún VM ní káàdì tuntun náà tààrà kí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì lè wọ inú rẹ̀. Fídíò kan tí mo wò ní kí n kọ nọ́ńbà rẹ̀, 10ec:8168, sínú vfio.conf. Mo kọ ọ́, gbogbo nǹkan sì ń lọ geere. Lálẹ́ ọjọ́ kejì iná lọ. Nígbà tó dé, mi ò lè wọ Proxmox láti orí láptọ́ọ̀pù mọ́, àwọn oníbàárà ò sì rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí mo so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn ni mo rí i pé káàdì méjèèjì ló ní nọ́ńbà kan náà. Oníṣẹ́ kan ní ayédèrú ni káàdì tí mo rà. Èkejì ní kí n pààrọ̀ MAC rẹ̀. Ẹ̀kẹta ní mọ́dábọọ̀dù ló ti bàjẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

Ẹ má gbọ́ ti ìkankan nínú wọn. Káàdì yín kì í ṣe ayédèrú, mọ́dábọọ̀dù yín ò ní nǹkan kan, MAC, ìyẹn àdírẹ́sì tí káàdì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ lórí nẹ́tíwọ̀kì, ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fẹ́ kí káàdì kan lọ sọ́dọ̀ VM, kí èkejì dúró ti Proxmox. Àmọ́ àṣẹ tí ẹ kọ kò mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé, ló bá kó àwọn méjèèjì lọ.

Nọ́ńbà yẹn gan-an ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí òun ló rú gbogbo àwọn tó dá yín lóhùn lójú. Apá méjì ló ní. 10ec ni nọ́ńbà Realtek, ilé iṣẹ́ tó ṣe ṣíìpù inú káàdì náà. Àjọ kan tó ń jẹ́ PCI-SIG ló ń pín irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́, ìyẹn ni Intel fi ní 8086, tí NVIDIA sì ní 10de. 8168 ni Realtek fúnra rẹ̀ fún irú ṣíìpù náà. Ibẹ̀ ló parí sí. Ó sọ irú ohun tí nǹkan náà jẹ́, kò sọ èwo ni. Ṣíìpù yìí sì pọ̀ bí yanrìn: òun ló wà lára àìmọye mọ́dábọọ̀dù, òun náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ káàdì owó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà káàkiri. Ká ní ẹ lọ ra òmíràn lọ́la, ó ṣeé ṣe kó tún jẹ́ 10ec:8168. Ìyá ìbejì tó dá adìrẹ kan náà fún ọmọ rẹ̀ méjèèjì kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pariwo pé "kí ọmọ tó wọ adìrẹ máa bọ̀" ló yẹ ká bi léèrè.

Oníṣẹ́ tó ní kí ẹ pààrọ̀ MAC, mo mọ ibi tí èrò rẹ̀ ti wá. Ó rò pé ó dà bí ìgbà tí ẹ̀rọ méjì bá ń du àdírẹ́sì IP kan lórí nẹ́tíwọ̀kì, tí kò ní jẹ́ kí ìkankan sinmi. Ìyẹn ìjà ni lóòótọ́. Àmọ́ káàdì méjì tó jọ ara wọn lórí PCI, ọ̀nà tí káàdì ń gbà so mọ́ mọ́dábọọ̀dù, kì í jà. Kọ̀ǹpútà tó ní mẹ́rin irú ẹ̀ wà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà, torí ojú ihò tí kálukú wà ni ẹ̀rọ fi ń pè wọ́n. Lóòótọ́, MAC yàtọ̀ láti káàdì kan sí èkejì, ṣùgbọ́n inú káàdì ni driver, ìyẹn ètò tó ń darí káàdì, ti ń kà á lẹ́yìn tó bá ti gba káàdì náà tán. Tiyín, ẹni tó máa gba káàdì ni wọ́n ń pinnu, wọn ò tíì dé ibi MAC rárá. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ yí i padà lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pinnu ẹ̀? Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, Linux tí Proxmox dúró lé á ka gbogbo ohun tó wà lórí PCI, driver tó bá kọ́kọ́ sọ pé òun mọ nọ́ńbà kan ló máa gbé nǹkan náà. Fún 10ec:8168, r8169, driver Realtek inú Linux, ló sábà máa ń gbé e, tó fi máa ń gba orúkọ bíi enp3s0 tàbí enp4s0 tí ẹ ń rí. Vfio-pci, tó wọ inú Linux ní 2012, yàtọ̀. Òun kì í lo káàdì fún nǹkan kan, ó kàn ń dì í mú dè VM ni. Nígbà tí ẹ kọ "options vfio-pci ids=10ec:8168", ohun tí ẹ sọ fún un ni pé gbogbo 10ec:8168 tó bá rí, tirẹ̀ ni. Ó sì gbọ́ràn. Ó gba káàdì tuntun, ó gba ti mọ́dábọọ̀dù náà, vmbr0 yín, ìyẹn afárá tí Proxmox àti VM fi ń bá nẹ́tíwọ̀kì sọ̀rọ̀, wá ṣófo. VM yín ò kú o. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé tí wọ́n ti tìlẹ̀kùn pa.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tó fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìgbà tí vfio-pci bá ń wọlé ló máa ń ka fáìlì yẹn, tó bá sì ti wọlé, kì í já káàdì gbà lọ́wọ́ driver tó ti ń lò ó. Lọ́jọ́ yẹn, r8169 ti di káàdì mọ́dábọọ̀dù mú ṣinṣin. Ẹni tó gbé káàdì tuntun fún VM kì í ṣe ìlà tí ẹ kọ, Proxmox ni: bí VM bá ń tàn, á gba káàdì tí ẹ yàn fún un kúrò lọ́wọ́ r8169, á sì fi lé vfio-pci lọ́wọ́. Ìlà yín kàn jókòó síbẹ̀ láìṣe nǹkan kan, àfi ìgbà tí iná lọ tó dé, tí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí vfio-pci sì ṣáájú r8169 débẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé ẹni tí kò bá tíì pa ẹ̀rọ kó tún un tàn níṣojú ara rẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ bá yín dán an wò ní aago méjì òru.

Ọ̀nà àbáyọ fún òní ò le. Ẹ fi tẹlifíṣọ̀n yẹn sílẹ̀ lára rẹ̀, ẹ so kíbọọ̀dù mọ́ ọn, kí ẹ wọlé bíi root. Ẹ tẹ lspci -nnk, ẹ wá ìlà méjì tó ní 10ec:8168. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ ó rí "Kernel driver in use: vfio-pci". Níwájú ìlà náà ni àdírẹ́sì ojú ihò wà, bíi 03:00.0 àti 04:00.0. Ká ní 03:00.0 ni ti mọ́dábọọ̀dù, ẹ tẹ echo 0000:03:00.0 > /sys/bus/pci/drivers/vfio-pci/unbind, lẹ́yìn náà modprobe r8169, lẹ́yìn náà echo 0000:03:00.0 > /sys/bus/pci/drivers/r8169/bind, kí ẹ fi ifreload -a kádìí rẹ̀. Bí r8169 bá ní òun ti gbé e kí ẹ tó ní kó gbé e, ẹ má bínú sí i, ohun tí a fẹ́ náà nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù yín á rí Proxmox padà. Tí èyí tí ẹ tú kì í bá ṣe ti mọ́dábọọ̀dù, ẹ ó mọ̀ kíákíá: ẹ tẹ ip link, ẹ yọ wáyà kúrò lára mọ́dábọọ̀dù, ẹ tún un tẹ̀. Èyí tó bá kọ NO-CARRIER ni ẹ ń wá. Tí kò bá sí èyí tó yí padà, èkejì ni.

Ìtura òní nìyẹn. Ní ti ọ̀la, ẹ ṣí /etc/modprobe.d/vfio.conf kí ẹ pa ìlà ids yẹn rẹ́, ẹ tẹ update-initramfs -u -k all kí àyípadà náà lè wọ fáìlì tí Linux fi ń tàn, kí ẹ pa ẹ̀rọ náà kí ẹ tún un tàn. Ẹ má kọ ohunkóhun rọ́pò rẹ̀. Ó lè yà yín lẹ́nu, àmọ́ fún káàdì nẹ́tíwọ̀kì, ìlà yẹn ò wúlò níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé nínú ètò VM yín, hostpci0, ìlà tó fún VM ní káàdì, ti sọ ojú ihò tí káàdì wà. Káàdì àwòrán ni ìmọ̀ràn inú fídíò yẹn sábà máa ń dára fún. Bí driver ilé, ìyẹn ti Proxmox fúnra rẹ̀, bá ti fọwọ́ kan káàdì àwòrán nígbà tí ẹ̀rọ ń tàn, gbígbà á padà máa ń di ìjàngbọ̀n, nítorí náà ó sàn kí vfio-pci ti tètè gbé e. Níbẹ̀ pàápàá, tí káàdì méjì bá jọra tí méjèèjì sì ń lọ sínú VM, ìlà ids dára, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ́kù nílé. Ìgbà tí ọ̀kan bá fẹ́ dúró tí èkejì fẹ́ lọ ni wàhálà dé.

Fún ẹni tó wà nírú ipò yẹn, ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ tó ṣeé fọkàn tán. Àkọ́kọ́ ni kéèyàn wo ìlà tí lspci -nnv ń pè ní Subsystem. Ẹni tó kan ṣíìpù mọ́ bọ́ọ̀dù máa ń fi nọ́ńbà tirẹ̀ síbẹ̀, nítorí náà káàdì méjì tó ní ṣíìpù kan náà lè yàtọ̀ síra níbẹ̀. Vfio-pci gbà kí ẹ so ó mọ́ ìdí ids, kó di apá mẹ́rin dípò méjì. Àmọ́ tí ẹ bá ra méjèèjì nínú páálí kan náà, wọ́n á jọra débẹ̀. Èkejì ni driver_override, tí wọ́n fi sínú Linux ní 2014 gan-an nítorí irú ìṣòro yìí. Fáìlì kékeré kan ló wà fún ohun kọ̀ọ̀kan lábẹ́ /sys/bus/pci/devices, ẹ ó kọ "vfio-pci" sínú ti ojú ihò kan ṣoṣo, kò sì sí driver mìíràn tó lè fọwọ́ kan nǹkan náà mọ́. Bí ẹ̀rọ bá kú, ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ á lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń lo driverctl, tó wà nínú Debian: driverctl set-override 0000:04:00.0 vfio-pci, á sì máa rántí fúnra rẹ̀.

Ẹ dúró ná, ẹ má tíì yọ̀. Ojú ihò náà kì í dúró sójú kan títí láé. Nọ́ńbà iwájú yẹn, 03 tàbí 04, ẹ̀rọ ló ń kà á fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń tàn. Tí ẹ bá fi díìsìkì NVMe tuntun kan síwájú àwọn yòókù, ohun tó jẹ́ 03 lè di 04, ti 04 á di 05. Ẹ rò ó wò: VM yín ṣì ń béèrè 04:00.0, àmọ́ káàdì mọ́dábọọ̀dù ló jókòó síbẹ̀ báyìí. VM á gbé e, Proxmox á tún dákẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ó sì ní ọ̀rọ̀ àná ló tún padà wá. Nítorí náà, kí ẹ tó tú ẹ̀rọ láti fi ohunkóhun kún un, ẹ yọ àmì "Start at boot" kúrò lára VM yẹn. Láti ìgbà Proxmox 8, ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní Resource Mapping, tó máa ń fi ohun tó bá lójú ihò wé ohun tí ẹ kọ sílẹ̀, tí kò sì ní jẹ́ kí VM tàn tí wọn ò bá bára mu. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ìbejì yín lè tan òun náà jẹ, torí nọ́ńbà ló ń wò.

Orúkọ enp3s0 náà á yí padà pẹ̀lú rẹ̀, torí ojú ihò ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ, vmbr0 á wá máa wá ẹni tó ti kó lọ. Ibí yìí gan-an ni MAC wúlò. Ẹ ṣe fáìlì kan, /etc/systemd/network/10-ile.link, ẹ kọ [Match] sí òkè, MACAddress= àti MAC káàdì mọ́dábọọ̀dù sí abẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà [Link], kí ẹ kọ Name=ile0 sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ile0 rọ́pò enp3s0 nínú /etc/network/interfaces, kí ẹ tún tẹ update-initramfs. Ibikíbi tó bá kó lọ, ile0 ni yóò máa jẹ́.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí, àmọ́ lórí USB. Ilé ẹ̀kọ́ kan tó wà lápá Òkè-Baálẹ̀ ní kí n bá àwọn to kọ̀ǹpútà kan tí ọmọ méjì á máa lò lẹ́ẹ̀kan náà, VM méjì, ojú tẹlifíṣọ̀n méjì, kíbọọ̀dù méjì. Páálí kan náà ni wọ́n ti ra kíbọọ̀dù méjèèjì. Nọ́ńbà ni mo fi pín wọn, ó sì dà bíi pé ó yé ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ tí mo tò ó. Ọjọ́ tí tíṣà wá dán an wò, ọmọkùnrin tó jókòó sápá òsì ń tẹ orúkọ rẹ̀, lẹ́tà ń jáde lójú tẹlifíṣọ̀n ọmọbìnrin tó wà lápá ọ̀tún. Ọmọbìnrin náà pariwo pé kíbọọ̀dù òun ní ẹ̀mí òkùnkùn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú tì mí. Lórí USB, nọ́ńbà oríṣi ló wà níbẹ̀ náà, bíi 1a86:7523 tí ẹ máa rí lára ọ̀pọ̀ wáyà CH340 tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ní nọ́ńbà ara ẹni rárá tí à bá fi dá wọn mọ̀. Proxmox fún yín ní ohun méjì láti yàn: "Use USB Vendor/Device ID" tàbí "Use USB Port". Mo lọ síbi Port, mo fún VM àkọ́kọ́ ní 1-3, mo fún èkejì ní 1-4. Lẹ́yìn náà mo tọrọ kútẹ́ẹ̀sì pupa lọ́wọ́ tíṣà náà, mo fi kun ojú ihò kan àti ẹnu wáyà tó ń wọ̀ ọ́, kí ẹni tó bá yọ ọ́ láti gbálẹ̀ lè mọ ibi tó máa dá a padà sí. Àmì yẹn wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń wí yìí.

Ohun kan wà tí gbogbo àlàyé yìí ò lè tún ṣe. Ohun èlò inú ẹ̀rọ máa ń wà ní agbo-agbo, IOMMU group ni wọ́n ń pè é, VM ò sì lè gbé ọ̀kan nínú agbo kó fi ìyókù sílẹ̀ fún ilé. Ẹ tẹ find /sys/kernel/iommu_groups/ -type l kí ẹ wò ó. Tí káàdì méjèèjì bá wà nínú agbo kan náà, ẹ gbé ti tuntun lọ sí ihò mìíràn lórí mọ́dábọọ̀dù, nígbà mìíràn ó máa ń tán síbẹ̀. Ẹnì kan á sọ fún yín pé kí ẹ kọ pcie_acs_override sínú àṣẹ ìtànná Linux. Ó máa tú agbo náà ká lójú, àmọ́ irọ́ ló ń pa fún Linux pé ògiri wà níbi tí kò ti sí. Nínú ilé tèmi mo lè ṣe é. Lórí ẹ̀rọ tí owó oníbàárà ń gbà kọjá, mi ò jẹ́ ṣe é.

Tí ẹ bá wá bi mí pé kí ni èmi á ṣe tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ni, mi ò ní fún VM ní káàdì kankan tààrà. Mo máa ṣe vmbr1 sórí káàdì tuntun náà, mo máa fún OPNsense ní VirtIO méjì, ìyẹn káàdì àfọwọ́ṣe tí wọ́n ṣe fún VM, ọ̀kan lórí vmbr0, èkejì lórí vmbr1. r8169 inú Linux á máa bójú tó ṣíìpù náà. OPNsense ò ní rí Realtek rárá, bẹ́ẹ̀ orí FreeBSD ló dúró lé, níbi tí Realtek ti máa ń fẹ́ ìtọ́jú tirẹ̀, débi pé OPNsense ní àfikún kan tó ń jẹ́ os-realtek-re fún un. Ohun tí ẹ máa pàdánù ò tó nǹkan: agbára CPU díẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wọ Ayétòrò ò tíì yára débi tí káfẹ́ yín á fi mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ń gbé gígábíìtì mẹ́wàá kiri ni fífún VM ní káàdì tààrà máa ń ṣe láǹfààní gidi, tàbí ẹni tí kò fẹ́ kí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì fara kan Proxmox rárá. Tí ti ẹ̀yin bá jẹ́ ìdí kejì yìí, mo gbà, ẹ fi hostpci0 sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ ṣáà má kọ ìlà ids yẹn mọ́, kódà lójú àlá.

Tí ẹ bá pa ìlà náà rẹ́ tí ẹ tún ẹ̀rọ tàn tí Proxmox kò sì tíì padà dé, ẹ ya fọ́tò ohun tí lspci -nnk kọ, pẹ̀lú ti find yẹn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Kí fọ́tò náà hàn ketekete o, kí n lè rí nọ́ńbà iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan.